Orí Ọkọ̀ tí Wọ́n Pè ní Ìtẹ̀síwájú

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kó ara yín jọ sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá wù mí. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin kan báyìí tí àwọn ará Ṣáínà ṣe ló wù mí, ẹni tó pè mí dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, “Ṣé kò sí nǹkan míì ni, bùrọ̀dá?” Kò sí o.

Ìyá ìyá mi tajà létí ojú irin ní Òṣogbo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó máa ń sọ pé kí etí òun tó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ni àwọn abọ́ orí àtẹ òun ti máa ń gbọ̀n, tí òun á sì ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Nígbà tí èmi fi máa gbọ́njú, ẹ́ńjìnì dísù ló gbòde. Màmá ní ìyẹn kàn ń kùn bí ẹ̀rọ ọlọ́ta ni, kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó gbà pé ẹ́ńjìnì eléèédú ti kú káàkiri ayé, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí i pé irọ́ la jọ ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọdún mẹ́ta ṣàlàyé. Ní 1960, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó mú ọkọ̀ ojú irin wá bá wa níbí, ṣe ẹ́ńjìnì eléèédú ìkẹyìn fún ojú irin ìjọba wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Evening Star. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968, wọ́n pa iná gbogbo rẹ̀ lórí ojú irin ìjọba. Ọdún kẹta ni 1988. Ní ọdún yẹn, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Datong, ní àríwá Ṣáínà, ẹ́ńjìnì eléèédú tuntun ṣì ń jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ, kò sì sí ẹni tó ń ṣe é fún ìrántí tàbí fún eré. Wọ́n ń ṣe é kó lọ fa ẹrù. Lára àwọn tó jókòó síbí lónìí, a ti bí ọ̀pọ̀ yín nígbà yẹn.

Orúkọ ẹ́ńjìnì náà ni Qianjin. Ìtẹ̀síwájú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í pè é tán, QJ ni wọ́n ń pè é, èmi náà á sì máa pè é bẹ́ẹ̀ kí ahọ́n mi lè sinmi.

Kò fi orúkọ yẹn bẹ̀rẹ̀ ayé. Ní 1956, nígbà tí Ṣáínà àti Soviet ṣì ń jẹun nínú àwo kan náà, wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Dalian, létí òkun. Ẹ́ńjìnì Soviet kan tí wọ́n ń pè ní LV ni wọ́n wò ṣe é. Wọ́n sọ ọ́ ní Heping, ìyẹn Àlàáfíà. Nígbà tó di 1960, àlàáfíà yẹn dàrú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Soviet kó ẹrù wọn, wọ́n padà sílé, ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wá di ti onílé láti parí. Àwọn ará Ṣáínà tún àwòrán ẹ́ńjìnì náà yẹ̀ wò, wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sí Datong, níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn Soviet yẹn kan náà. Láti 1964 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà rògbòdìyàn ìyípadà àṣà (Cultural Revolution) ní Ṣáínà, wọ́n ní Àlàáfíà kò le tó, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Fandi, ìyẹn ẹni tó ń bá amúnisìn jà. Ní 1971, wọ́n tún yí i, ó wá di Qianjin, ibẹ̀ ni orúkọ sì dúró sí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ààfin ní Beijing láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, ẹ kàn ka ohun tí wọ́n kọ síwájú ẹ́ńjìnì ni.

Bí wọ́n ṣe ń sọ àwọn ẹ́ńjìnì wọn lórúkọ náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìdásílẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ Ìkọ́lé, ọ̀kan ń jẹ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kan ń jẹ́ Àwọn Ará Ìlú. Bí ìgbà tí ìdílé kan bí ọmọ méje ní àsìkò ìjà ilẹ̀ ni.

Iye QJ tí wọ́n ṣe lé ní 4,700. Ẹ pín in fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, láti 1964 sí 1988: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ́ńjìnì kan ní ọjọ́ méjì-méjì, láì yọ ọjọ́ ìsinmi kúrò. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni màá padà wá bá jà.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ká ní ó dúró síwájú wa níbí báyìí, gígùn rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ èédú tó so mọ́ ọn lẹ́yìn jẹ́ nǹkan bí mítà 26. Èyí tó ní kẹ̀kẹ́ èédú ńlá gùn tó mítà 29. Ẹ́ńjìnì nìkan, láì ka kẹ̀kẹ́ èédú mọ́ ọn, wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 134. Ẹsẹ̀ kékeré méjì ló wà níwájú tó ń mọ̀nà fún un, ẹsẹ̀ ńlá mẹ́wàá ló wà láàárín, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, méjì kékeré míì tún wà lábẹ́ ibi iná. Ẹsẹ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan ga ní mítà kan àtààbọ̀, ìyẹn á dé èjìká ọ̀pọ̀ nínú wa. Pupa ni wọ́n máa ń kun ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n á wá fi funfun yí etí rẹ̀ po, bí ẹni lé tìróò sójú. Ara ẹ́ńjìnì dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa. Ẹni tó ní kí wọ́n kun ún bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹnì kan lè béèrè pé, mítà kan àtààbọ̀, ṣé ìyẹn ga? Kò ga. Ẹ́ńjìnì akérò tó ń sáré máa ń ní ẹsẹ̀ tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ kúkúrú ní ti ẹni tó fẹ́ fa ẹrù. Ẹ wo alágbàárù ní ọjà Bódìjà, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kì í gùn bó bá ru àpò ìrẹsì, kúkúrú-kúkúrú ló ń gbé e, ilẹ̀ ló ń dì mú. Kìlómítà 80 ní wákàtí kan ni òpin eré QJ. Ẹrù ni wọ́n dá a fún, pàápàá èédú, òun náà sì ń jẹ èédú.

Níbi tí iná wà ni kí ẹ jẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ibi tí iná ti ń jó nínú QJ fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 7 níbùú lóòró, ìyẹn tó yàrá kékeré tí bẹ́ẹ̀dì kan àti àga kan lè gbà. Kò sí ọmọ ènìyàn tó lè fi ṣọ́bìrì bọ́ iná yẹn yó lórí òkè. Nítorí náà, wọ́n fi irin kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín sábẹ́ kẹ̀kẹ́ èédú. Gbogbo yín lẹ mọ ẹ̀rọ ata. Ẹ mọ irin oníyíyí tó wà nínú ẹnu rẹ̀ tó ń fa ata wọlé síbi òkúta. Ohun náà gan-an ni, àfi pé èédú ni èyí ń fà, ó ń gbé e láti ẹ̀yìn wá síwájú, ooru omi á wá fẹ́ ẹ fọ́n ká sórí iná. Adáná kì í fi ṣọ́bìrì ṣe iṣẹ́ gidi mọ́, ọwọ́ ló ń yí lára ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára iná, nítorí bí èédú bá ga jù níbì kan, ibẹ̀ á kú. Bí ó bá fúyẹ́ jù, afẹ́fẹ́ tútù á gba ibẹ̀ wọlé, agbára á lọ sílẹ̀.

Iná yẹn ń gba inú ọ̀pọ̀ páìpù kọjá, omi sì yí àwọn páìpù náà ká. Omi á hó, ooru rẹ̀ á há sínú bọ́ílà títí á fi le tó kílò 15 lórí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró. Èmi mọ̀ pé ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún yín, ẹ jẹ́ kí n fi èdè fọkanáísà sọ ọ́. Bí ẹ bá ní kó fẹ́ táyà mọ́tò yín, ó máa ń dúró ní 30, 32, àbí 35 bó bá jẹ́ pé ẹrù ń bẹ lẹ́yìn. Ti bọ́ílà QJ jẹ́ 213. Ohun tó sì wà nínú rẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ tútù. Ooru náà á wọ inú sìlíńdà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65, á ti pístọ̀nù lọ, á tì í bọ̀. Ìgbà tó bá ṣiṣẹ́ tán tó fẹ́ jáde, kì í kàn jáde lásán. Wọ́n á darí rẹ̀ gba ihò èéfín lókè, bó ṣe ń tú jáde ló ń fa afẹ́fẹ́ gba inú iná. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ọ tó ń ṣe fùkẹ̀-fùkẹ̀. Èémí rẹ̀ ló ń fẹ́ná fún ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ṣe le sí i, bẹ́ẹ̀ ni èémí á ṣe lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná á ṣe gbóná sí i. Mi ò tíì rí ẹ̀rọ míì tó mọ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹṣin 3,000. Ènìyàn mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú yàrá rẹ̀: awakọ̀, igbákejì rẹ̀, àti adáná. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n jù kì í ṣe eré o. Omi ni. Bí omi inú bọ́ílà bá lọ sílẹ̀ ju irin òrùlé iná lọ, irin yẹn á rọ̀ bí àmàlà, agbára 213 yẹn á sì gba ibẹ̀ jáde. Dígí kékeré gbọọrọ kan ló ń fi omi hàn wọ́n, òun sì ni ohun tí wọ́n ń wò ju ojú ọ̀nà lọ.

Ó yẹ kí n dáhùn ìbéèrè tó wà lójú àwọn ọ̀dọ́ yìí. Kí ló dé tí orílẹ̀-èdè kan á ṣì máa ṣe irú nǹkan báyìí ní 1988, nígbà tí dísù àti iná mànàmáná ti wà? Àwọn kan máa ń sọ pé ojú Ṣáínà kò tíì là ni. Mi ò gbà. Ní ọdún tí QJ bẹ̀rẹ̀, epo rọ̀bì tí Ṣáínà ní kò tó nǹkan, 1959 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí epo púpọ̀ ní Daqing. Èédú ńkọ́? Datong fúnra rẹ̀ jókòó lórí èédú. Owó iṣẹ́ ènìyàn kò wọ́n, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe pọ̀ ní gbogbo ibùdókọ̀. Ẹni tó ní iṣu nínú abà tó wá ń fi owó ra búrẹ́dì jẹ, ta ló ń tan ara rẹ̀ nínú wọn? Ìṣirò ni, kì í ṣe òkùnkùn.

Bí ìṣirò náà sì ṣe yí padà ni wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì eléèédú ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára èédú nù gba ihò èéfín, ó ń fẹ́ omi ní gbogbo ìgbà, ó ń fẹ́ ẹni tó máa kó eérú rẹ̀. Ní ìparí 1988 yẹn náà ni apá kìn-ín-ní ojú irin Datong sí Qinhuangdao ṣí, ojú irin tí wọ́n là nítorí èédú nìkan, iná mànàmáná sì ni wọ́n fi ń fa ọkọ̀ orí rẹ̀. Èédú Datong wá ń gun ọkọ̀ tí kì í jẹ èédú. Ilé iṣẹ́ Datong náà yí padà, ẹ́ńjìnì oníná mànàmáná ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ títí di òní.

QJ yẹ kó kú síbẹ̀, kí n sì sọ pé ó dàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni.

Ní ìparí ọdún 1995, wọ́n ṣí ojú irin tuntun kan ní Mongolia Inú, agbègbè kan ní àríwá Ṣáínà, láti Jining lọ sí Tongliao. Jitong ni wọ́n ń pè é. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 945, ó kù díẹ̀ kó tó ti Èkó sí Kano. Ilé iṣẹ́ tó ń darí rẹ̀ kò lówó bíi ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n wò yíká, wọ́n rí i pé àwọn ẹ̀ka ojú irin ìjọba ń lé QJ dànù ní tọ̀tún tòsì, ẹ́ńjìnì tí òmíràn kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Tòkunbọ̀ ni wọ́n rà! Ojú irin tuntun gbòò, ẹ́ńjìnì àlòkù. Èédú wà nítòsí, àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n lò. Báyìí ni QJ ṣe rí ilé ìkẹyìn rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ìlú Daban di ibi ìtọ́jú rẹ̀.

Lójú ọ̀nà Jitong, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Jingpeng. Ojú irin kò lè dojú kọ òkè náà tààrà, ó lọ́ lọ, ó lọ́ bọ̀, ó gba orí afárá gíga kọjá, ó wo ara rẹ̀ láti òkè, títí ó fi wọ ihò abẹ́ òkè ní Shangdian. QJ kan kì í tó ẹrù ibẹ̀. Méjì ni wọ́n máa ń so mọ́ ara wọn. Nígbà òtútù, ooru ibẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ ju 20 lọ lábẹ́ òdo, omi inú ike á dì kó o tó gbé e dé ẹnu. Nínú òtútù bẹ́ẹ̀, ooru omi tó ń jáde lára ẹ́ńjìnì kì í pòórá bí ó ṣe ń pòórá nílẹ̀ wa níbí. Á dì, á funfun, á ga sókè bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, á dúró lórí àfonífojì lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ. Ẹ́ńjìnì méjì, ihò èéfín méjì, èémí wọn á bára dọ́gba fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún ya ara. Fídíò rẹ̀ wà lórí YouTube. Ẹ gbé etí fóònù yín sókè, kí ẹ ronú kan abọ́ orí àtẹ ìyá mi àgbà.

Àwọn aláfẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Jàpáánì àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀ tàwọn ti kámẹ́rà. Wọ́n á dúró sórí òkè nínú yìnyín láti àárọ̀. Mo máa ń ro ohun tí àwọn adáran ibẹ̀ ń sọ láàárín ara wọn: òyìnbó wá láti òpin ayé wá ya èéfín. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo fọ́tò náà lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, Jitong fi dísù rọ́pò wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin gbà pé ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì eléèédú ńlá ti parí iṣẹ́ òòjọ́ lórí ojú irin gbọọrọ, kì í ṣe ní Ṣáínà nìkan, ní gbogbo ayé. Àwọn kéékèèké kan ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ìwakùsà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn bíi SY tí wọ́n ń ṣe ní Tangshan títí di 1999. Ṣùgbọ́n alágbàárù ńlá ti sọ̀.

Ó wá kan nọ́ńbà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ́ńjìnì tó lé ní 4,700. Mélòó ló kù?

Mi ò ní tan yín, díẹ̀ ni, èyí tí iná lè jó nínú rẹ̀ lónìí sì kéré gan-an nínú díẹ̀ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, tí mo fi ń rìn yí ká láti ìgbà tí mo ti dìde, òun ni pé pípọ̀ tó pọ̀ ló pa á. Ẹ wo ẹ́ńjìnì Ṣáínà míì, KF. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é fún wọn, ní Vulcan Foundry, láàárín 1935 sí 1936. 24 péré ni. Ọ̀kan nínú rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin ní York títí di òní, ẹ̀bùn tí Ṣáínà fún Gẹ̀ẹ́sì. Òmíràn wà ní Beijing. Ẹ wo ẹ́ńjìnì JF, ìyẹn Ìdásílẹ̀, nọ́ńbà 304, tí wọ́n fi orúkọ Mao Zedong, olórí Ṣáínà àtijọ́, pè. Òun náà wà ní Beijing, wọ́n ń nù ún bí ẹni nu dígí. Ohun tó ṣọ̀wọ́n rí ilé gbé, ohun tó lórúkọ rí ilé gbé. QJ ńkọ́? Nọ́ńbà lásán ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Ibi gbogbo ló wà. Ta ló ń ya fọ́tò kórópẹ̀ tó ń wọ̀ lójoojúmọ́? Ta ló tọ́jú mólúè kan pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí mólúè kún Ọ̀ṣòdì? Mo wòye pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá mólúè kan fún mi lónìí, tó ṣì ń rìn.

Tọ́ọ̀nù 134 irin kì í ṣe nǹkan kékeré lójú ẹni tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá tán lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, iye owó tí irin rẹ̀ á mú wá ti hàn. Gáàsì ni wọ́n fi gé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ̀kẹ́ èédú lọ́tọ̀, bọ́ílà lọ́tọ̀.

Àwọn tó bọ́ ńkọ́? Àwọn kan wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ṣáínà, ní Beijing àti ní Shenyang. Ọ̀kan dé Jámánì, ó wà ní Technik Museum ní ìlú Speyer, láàárín àwọn bàlúù àti ọkọ̀ ojú omi. Àwọn wọ̀nyí ni mo ń pè ní òkú tí wọ́n tẹ́ dáadáa. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọmọdé á gun inú rẹ̀, á fọwọ́ kan ọ̀pá irin, á béèrè ohun tó ń ṣe. Ó sàn ju kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù lọ fíìfíì. Àmọ́ ohun tí mo júwe fún yín lẹ́ẹ̀kan, èémí tó ń fẹ́ná fún ara rẹ̀, kò sí nínú òkú.

Àwọn tí iná tún jó nínú wọn lẹ́yìn Jitong tí mo mọ̀ jù ni méjì tó kọjá sí Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 6988 àti 7081. 1985 ni wọ́n ṣe ọ̀kan, 1986 ni wọ́n ṣe èkejì. Jitong ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ni ojú irin Iowa Interstate rà wọ́n, wọ́n gbé wọn wọ ọkọ̀ òkun, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 wọ́n sì ti ń fa èrò kiri láàárín oko àgbàdo Iowa, tí àwọn ènìyàn to ẹ̀bá ọ̀nà bí ìgbà tí ọba ń kọjá. Ẹ̀kẹta, 7040, lọ sí Kentucky. Báwo ni ẹ́ńjìnì Ṣáínà ṣe wọ ojú irin Amẹ́ríkà láì ṣẹ́ lẹ́sẹ̀? Àkọ́kọ́, ìbú ojú irin wọn dọ́gba, mílímítà 1,435. (Ti wa àtijọ́ níbí jẹ́ 1,067, QJ kò lè gbà á kọjá. Àmọ́ èyí tuntun tí àwọn ará Ṣáínà ṣe láti Èkó wá sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, 1,435 ni òun náà. Mo kàn ń sọ ọ́ ni o.) Èkejì, ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ra ní Ṣáínà jọ ti Amẹ́ríkà, ó bá a mu bí ọwọ́ méjì tó dì mọ́ra.

Ohun tó wá ṣe mí ní háà ni pé ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì dísù tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn ló dàgbà ju QJ méjì náà lọ. Àwọn èrò dúró, wọ́n ń sunkún pé àwọn rí ohun àtijọ́. Ohun àtijọ́ wo? Ọmọ ogún ọdún ni!

Kí ó tó rìn, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń yí. Wọ́n á dáná sí i ní jẹ́jẹ́, igi kọ́kọ́, èédú díẹ̀, nítorí bí ooru bá dé lójijì, irin kan á fẹ̀ ṣáájú èkejì, àwọn páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹni tó bá dáná sí i lálẹ́ òní, ọ̀la ló ń retí. Wọ́n á fi epo sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Omi tí wọ́n bá bu sí i, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí omi tó ní iyọ̀ ilẹ̀ á dì mọ́ inú bọ́ílà bí ó ṣe ń dì mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tùrù yín. Nínú kẹ́tùrù, ẹ ó fi ọtí kíkan bó o. Nínú bọ́ílà, kì í jẹ́ kí irin rí omi tó máa tù ú lára, irin á sì jó. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé tán. Ọwọ́ àwọn tó ṣe é ló wà. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ ní Daban ní 2005, wọ́n ti ń súnmọ́ ìfẹ̀yìntì báyìí.

Òfin sì tún wà. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ní bọ́ílà ẹ́ńjìnì eléèédú kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ iṣẹ́ 1,472 lọ, tàbí ọdún 15, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, kí wọ́n tó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n yọ páìpù inú rẹ̀, kí wọ́n sì wọn bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó. Owó gọbọi ni. Ọjọ́ kan tí wọ́n bá dáná sí i, ọjọ́ kan ti lọ nínú 1,472. Bí wọn kò bá sì dáná sí i rárá, kí ó máa bàa lò wọ́n, ọdún 15 ń lọ bákan náà.

Bí ìbéèrè bá wà, mo ti ṣetán. Bàbá tó wà ní ìgun yẹn, mo rí ọwọ́ yín, ẹ sọ pé ẹ ti ṣe adáná rí? Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé máíìkì lọ bá bàbá.